Àdúrà Tí Ṣìkẹ́mi Ń Gbà Níbi Bọ́ọ̀lù Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìparí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣìkẹ́mi jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń gbé ní Fairburn, ní Georgia l'Amẹ́ríkà níbí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Fìyìnfólúwa. Basketball ni ọmọ náà yàn láàyò láti kékeré, guard ló sì jẹ́ nínú ẹgbẹ́ wọn. Guard ni ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tó sì ń fún ẹni tí àyè ṣí sílẹ̀ fún. Ohun tí Fìyìn mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Ó máa ń rí ẹni tó dá dúró kí ẹni yẹn fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Jonah ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ gíga kan tí kò lè sáré, di gbajúmọ̀ nílé ìwé nítorí bọ́ọ̀lù tí Fìyìn ń gbé sí i lọ́wọ́.

Coach wọn sọ fún Ṣìkẹ́mi pé tí ọmọ yìí bá ń ṣe é lọ báyìí, yunifásítì kan yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀nà ibi tó tún ga ju ìyẹn lọ sì lè là fún un.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ba nǹkan jẹ́. Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, Aunty Bridget, tí ọmọ tirẹ̀ náà ń gbá bọ́ọ̀lù, ń ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí. Ó ní, "Ṣìkẹ́mi, ọmọ rẹ yìí mà láàánú o. Ó ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, òun fúnra rẹ̀ kì í jẹun." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé, ó sì bá a wọ yàrá.

Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú pátápátá. Tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ Fìyìn, á ké sí i ní Yorùbá pé kó má fún ẹnikẹ́ni, pé kó fúnra rẹ̀ jù ú sáwọ̀n. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ níbẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń ṣe wá nílùú yìí: tí a bá ti fi Yorùbá sọ nǹkan, a ti rò pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn.

Coach bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló máa ń sọ. Ó ní àdúrà lòun ń gbà fún àwọn ọmọ. Inú Coach dùn, ó ní kó má ṣe dákẹ́ o.

Fìyìn gbìyànjú láti bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọkọ̀.

"Mummy, Coach ní kí n máa pass. Jonah wà ní open."

"Ta ló bí ẹ, èmi àbí Coach?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó tán."

Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé tí ohùn ìyá bá ti dún, kí gbogbo nǹkan dúró. Nígbà tó yá, kó tó ṣe ohunkóhun pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Ìdíje tó ṣe pàtàkì jù wáyé ní Hampton. Ọkùnrin kan wá láti yunifásítì kan, Eli lorúkọ rẹ̀. Ó dé fìlà bojú, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí wọ́n bí sí Georgia. Coach ti sọ fún Ṣìkẹ́mi pé torí Fìyìn ló ṣe wá, pé ọ̀rọ̀ scholarship wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn Ṣìkẹ́mi gan-an ni ọkùnrin náà jókòó sí.

Ó ku díẹ̀ kí aago òpin dún, pọ́ìntì kan ni wọ́n fi ń na ẹgbẹ́ Fìyìn. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jonah dá dúró lábẹ́ àwọ̀n, ó na ọwọ́ sókè, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Fìyìn rí i. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó rí i. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

"Má fún un, Fìyìn! Jẹ tìẹ!"

Ó jù ú láàárín ọmọkùnrin méjì tó ga jù ú lọ. Wọ́n gbá a dànù. Aago dún. Jonah ṣì na ọwọ́ sókè.

Nígbà tí èrò ń túká, Eli sọ̀ kalẹ̀ wá bá Ṣìkẹ́mi. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú ìjókòó, mà."

Yorùbá tó já gaara ni. Ó rọra ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà òun n'Íbàdàn lòun ti dàgbà kí wọ́n tó mú òun wá sí Forest Park. Kò bínú rárá.

"Coach sọ fún mi pé ẹ máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ," ló wí. "Mo gbọ́ àdúrà yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mà."

Ṣìkẹ́mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti ọmọ, kó má wo tòun.

"Mo mọ̀, mà. Ó rí Jonah. Ojú tó fi rí i yẹn ni mo wá wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló kọ́kọ́ wò kó tó ṣe nǹkan kan. Tí mo bá mú un lọ, ta ló máa bá wa jókòó síwájú lọ́hùn-ún?"

Ó kí i dáadáa, ó sì lọ. Kò gba nọ́ńbà Fìyìn. Nígbà tí Coach gbọ́ irú àdúrà tó jẹ́, ó fi bọ́ọ̀lù lé ọmọ mìíràn lọ́wọ́. Orí bẹ́ǹṣì ni Fìyìn wà títí ó fi jáde ilé ìwé, kò sì sí yunifásítì mìíràn tó wá.

Wẹ́ọ́háùsì, ilé ìkẹ́rùsí, ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí ní Forest Park. Lọ́jọ́ Saturday, òun àtàwọn ọ̀dọ́ máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣìkẹ́mi ṣì máa ń lọ wò ó, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Fìyìn, ẹnì kan sì dá dúró lápá òsì rẹ̀. Ó rí i. Ó sì tún gbójú sókè wo àga ìyá rẹ̀. Ṣìkẹ́mi ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Kí Fìyìn tó yíjú padà, àyè yẹn ti dí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣọ́ra. Iṣẹ́ tí ọmọ yín mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ má torí ẹ̀rín tí wọ́n fi yín rín gba ojú yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá lè sọ kí Coach gbọ́, ẹ má fi Yorùbá sọ ọ́. Tó bá ti mọ́ ọmọ lára láti máa kọ́kọ́ wò yín, ẹ lè dákẹ́ títí, yóò ṣì máa wò yín.