Àgọ́ Onígíláàsì

Ọjọ́ Ẹtì tún pé, gbogbo yunifásítì sì tò síwájú àgọ́ onígíláàsì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń retí bisikíìtì. Nínú àgọ́ yìí, òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti sọ ohun tó bá wù ú. Ẹni tó bá ṣàríwísí níta, wọ́n á lé e dànù. Gíláàsì náà sì nípọn débi pé ohùn kì í gba ibẹ̀ jáde.

Ọ̀mọ̀wé Adétóún yínmú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníyọnu ló wà nínú àgọ́, tó ń ju ọwọ́, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ta sára gíláàsì. Nígbà tó jáde, ó gbé agbádá rẹ̀ lé èjìká.

"Mo là á mọ́lẹ̀ fún wọn lónìí!"

"Fún ta ni, sà?" Adétóún bi í.

Ó ti ń bọ àwọn tó tò lọ́wọ́ kiri.

Ó wá kan ọ̀gá àgbà láti jíhìn nípa ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wọlé, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń nu ojú tí kò sunkún. Bó ṣe jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

"Olórí tó ń jíhìn nìyí!" Láníyọnu pariwo.

"Òpònú gbogbo," Adétóún wí sínú.

Ìbídàpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì gbé apá rẹ̀ kọ́rùn, súnmọ́ ọn.

"Mà, kí ni wọ́n sọ nípa àwa tí ilé wó lù?"

Adétóún lanu. Ó rí ẹ̀ṣọ́ tó ń wò ó, ó pa á dé.

"Dúró dè mí níbí," ó wí. "Màá sọ òótọ́ fún ẹ."

Ó sì lọ tò sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ wọ àgọ́.