Yàrá Ogójì Tí Anselmo Fẹ́ Dá Ṣí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ilé Anselmo àti ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí tèmi níbí nílùú Tandil, ní Argentina; ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, ẹnu wọn ni mo sì ti gbọ́ ìyókù.

1.
Anselmo Etchegoyen fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Aránṣọ ni Delfina, ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan tí kùrukùru bo gbogbo òkè, Anselmo gun àjà lọ wá ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Páálí kan ló rí, eruku ti bò ó. Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n rà ní 1985 ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí à ń so mọ́ tẹlifíṣàn, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí eré wà nínú rẹ̀. Delfina ti fi bírò kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì náà pé: Ilé Ogójì Yàrá.

Anselmo so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù lókèèrè. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró ń sáré lójú tẹlifíṣàn, wọ́n ń tàn sára ògiri, wọ́n ń tàn sórí irun funfun Anselmo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọkùnrin kékeré kan yọ, kò ju èékánná lọ. Ó dúró láàárín àwọn òkúta.

"Delfina, wá wò ó. Ó ṣì wà láàyè."

Delfina fi abẹ́rẹ́ há àyà aṣọ rẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn àga. Àfi bíi pé ẹnì kan ṣí fèrèsé sínú ilé tí wọ́n ti kó kúrò tipẹ́.

2.
Eré náà rọrùn lẹ́nu. Ọkùnrin kékeré yẹn lè ti òkúta, kò lè fà á. Bó bá tì í há kọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Bí gbogbo òkúta bá bọ́ sáyè wọn, ilẹ̀kùn á ṣí sí yàrá mìíràn. Láyé ìgbà yẹn, gbogbo yàrá ni Anselmo ṣí, àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ohun kan tún wà: kọ̀ǹpútà yẹn kì í rántí nǹkan. Bí o bá pa á, yàrá kìíní lo tún máa bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kò pa á. Ọ̀sán ń di ìrọ̀lẹ́, tíì mátè ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dijú, òkúta á máa rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Arúgbó mi, ti tọwọ́ òsì yẹn ná," Delfina sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìwọ rán aṣọ rẹ. Ìṣirò lèyí."

"Ó dáa, Ọ̀gá Tíṣà." Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

3.
Lọ́jọ́rú, fóònù dún. Nilda ni, àbúrò Delfina tó ń gbé ní Necochea létí òkun. Àìsàn ti dá a wólẹ̀ láti oṣù méjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá," ni Nilda wí. "Mo fẹ́ rí yín nígbà tí mo ṣì lè bá yín ṣàwàdà."

"Anselmo á gbé mi wá lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹ sọ fún un kó má wakọ̀ bí ìgbín o."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Sátidé, Delfina wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó gbé báàgì. Anselmo wà ní yàrá kejìdínlógójì.

"Wákàtí méjì péré," ló wí.

Nígbà tó di ọ̀sán: "Yàrá méjì ló kù. Bí mo bá pa á nísinsìnyí, ọjọ́ mẹ́fà ṣòfò nìyẹn."

"Má pa á. Jẹ́ kó máa tàn, ká lọ."

"Bí iná bá lọ ńkọ́? Fọkàn balẹ̀. Nilda ò lọ síbì kankan."

Mo rí Delfina lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ọkọ̀ mi gbé e. Ó ní, "O ṣeun, Anselmo ń jáde bọ̀ báyìí." Mo gbà á gbọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń lọ lọ́jọ́ yẹn ti lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Anselmo ní, "Ọ̀la, láàárọ̀ kùtù. Mo búra."

Delfina bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

4.
Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni fóònù dún. Nilda ti kú lójú oorun kí ilẹ̀ tó mọ́. Delfina gbé fóònù sílẹ̀, kò sunkún.

"Wọ aṣọ rẹ," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "A ti pẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní Necochea. Lẹ́yìn wọn, òjò ńlá rọ̀ ní Tandil, iná sì lọ. Nígbà tí wọ́n dé, ojú tẹlifíṣàn dúdú. Anselmo jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Delfina dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Òkúta tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù nínú yàrá ogójì," ló wí, "ńṣe lo máa kọ́kọ́ tì í jìnnà sí ilẹ̀kùn. Ìyókù á tẹ̀ lé e."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo ti ṣí i nígbà òtútù 1986. O wà nílé ìwé. Mo ń dúró de aṣọ kan kó gbẹ ni."

"Gbogbo ọdún yìí, o ò sọ fún mi?"

"Wíwá ojútùú rẹ̀ ń dùn mọ́ ẹ. Mo ní bó bá sú ẹ, wàá bi mí. O ò bi mí rí."

5.
Ilé Nilda ni Delfina ń gbé báyìí. Wọn ò jà. Ọjọ́ Àìkú ni Anselmo máa ń wakọ̀ lọ, wọ́n á jọ mu mátè, wọ́n á kọjú sí òkun, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òun nìkan á padà. Ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun bi í bóyá ó máa wá sílé. Delfina ní òun ò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún yín. Ohunkóhun tó bá ń tàn lójú yín, bí ẹni yín bá ní "wá", ẹ pa á, ẹ dìde. Ohun tí a pa ṣeé tún tàn. Ẹni tó lọ kò ṣeé pè padà. Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ọgbọ́n ẹni tó jókòó tì yín. A kì í ru ẹran erin lórí, ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀.