Ìpè Àárọ̀

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wẹ̀ fún Fọlárìn tó wà nínú ìdákú tán, ó tún báǹdì iná pupa tó ń wo ọpọlọ rẹ̀ dè mọ́ ọn níwájú orí, ó sì yíjú sí Morónkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Fọlárìn.

“Ìpè àárọ̀ ti tó, mà. Orúkọ inú káàdì ni kí ẹ fi pè é o.”

Àwọn dókítà ti sọ pé bí kò bá dáhùn lónìí, àwọn yóò gbé e kúrò ní yàrá àwọn tí wọ́n ṣì ń retí pé wọ́n á jí.

Ojú ti Morónkẹ́. Láti ìgbà tó ti délé ọkọ, kò pe ọmọ ilé náà kankan lórúkọ rí. Ó fipá là á lẹ́nu: “Fọlárìn.”

Ìlà tó ń fi iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ ara ògiri kò mira. Ó tún pè é, pàbó ni.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè é bí mo ṣe ń pè é nílé.” Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Adúmáadán mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

Ìlà náà gbéra, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

“Ó gbọ́ yín!” Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. “Èmi náà, ìyàwó ilé ni mí, n kò sì ronú kàn án!”

“Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o.” Morónkẹ́ kò dìde. Ó ń kí i lọ, ìlà náà ń dá a lóhùn.