Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni-Méjì

Ọkọ̀ ojú omi méjì ni òyìnbó kan tẹ́ síwájú ilé rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1980. Iṣẹ́ títì tó gbé e wá sí Ọ̀wọ̀ ti parí, ó sì ń ta ẹrù rẹ̀ kó tó padà sílùú wọn. Àwọn ọkọ̀ náà kì í ṣe igi gbígbẹ́ bíi ti àwọn apẹja. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni eegun wọn, tapólì onírọ́bà ló sì bò wọ́n lára. Èèyàn lè tú wọn palẹ̀, kó ká wọn bí ẹní, kó sì kó wọn sínú àpò.

Sylvanus, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó igbó, yẹ méjèèjì wò fún odidi wákàtí kan. Ó fọwọ́ tẹ gbogbo ojú rírán. Ó ní kí òyìnbó tú wọn, kó sì tún wọn tò níṣojú òun. Èyí tó kéré, tí ẹnì kan ń jókòó sí, fúyẹ́, kò sì ní àbùkù kankan. Èyí tó tóbi ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òyìnbó ní kó mú kékeré.

"Ti ẹni méjì ni mo fẹ́," ni Sylvanus wí. "Èmi àti ìyàwó mi ni."

Aránṣọ ni Monica, ìyàwó rẹ̀. Òun ló fọwọ́ rán ibi tó ya, tó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹnu yà á, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ọdún méjì ni ọkọ rẹ̀ kò ti bá a sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti kọ́kọ́rọ́ ilé lọ, láti ìgbà tí Ambrose, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú. Monica lọ ra òwú lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó fi ọmọ sílẹ̀ lójú oorun. Gìrì ti pa á kó tó dé. Sylvanus kò bá a jà. Kò tilẹ̀ bi í ní ohunkóhun.

Fúnmiọlá, ẹ̀gbọ́n Monica, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà rárá.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà kò mọ̀ ọ́n."

"Ọkùnrin tó ń yàn ọ́ lódì láti ọdún méjì ló wá fẹ́ gbé ọ lọ sáàárín odò? Monica, la ojú rẹ o."

Monica la ojú rẹ̀. Ohun tó rí ni pé ní Sátidé kìíní tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà nínú àpò rẹ̀ dé etí odò Ọ̀sẹ́, lápá Ìfọ̀n, Sylvanus kò jẹ́ kó wọ ọkọ̀. Ó mú un lọ bá Kúbúrá, ìyàwó apẹja kan, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ ìyàwó òun ní ìwẹ̀. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló bá ọkọ̀ náà wá, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Monica ló wọ̀ ọ́ fún.

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, Monica nìkan ń wa ọkọ̀ náà dé òdìkejì, ó sì ń wà á padà. Sylvanus a dúró sétí odò, a máa pe àwọn tó ń kọjá.

"Ẹ wo ìyàwó mi. Ó mọ omi jù mí lọ. Bí mo bá jábọ́ lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí mi wà."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Òun náà a rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá délé, òun fúnra rẹ̀ ló ń sá tapólì náà kó tó ká a, kó má baà bu.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Monica dín ìbàdí àwọn ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ kù lọ́dún náà. Ní oṣù kẹjọ, ó rí ìwé kan nínú àpò ọ̀kan nínú wọn, ìwé ilé ìwòsàn láti Ìbàdàn. Ó mú un tọ̀ ọ́ lọ.

"Ọkọ mi, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀dọ̀ ni. Wọ́n ní mi ò ní rí Kérésìmesì." Ó gba ìwé náà, ó sì ti bọ iná ààrò. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Fúnmiọlá gan-an, má sọ fún un."

Monica sunkún, ó sì ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà kò bẹ̀rù odò mọ́. Ó gbà pé ọkọ òun ti darí jì òun, àti pé ìyókù ọjọ́ rẹ̀ ló fẹ́ bá òun lò lórí omi.

Ní Sátidé kan ní oṣù kẹwàá, odò kún dé ẹnu. Sylvanus ní kí Monica jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, òun yóò jókòó níwájú. Kúbúrá ń fọ ẹja létí odò, ó kí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n dé agbami, Sylvanus dìde dúró.

"Monica, má ṣe é o!" Ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké e. Ó sì ré lu omi.

Monica rò pé ó ní kí òun má tẹ̀ lé e ni. Ó bọ́ ẹ̀wù náà sọnù, ó bẹ́ sómi, ó rì wá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ rẹ̀ kò bà á. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú náà nísàlẹ̀ odò.

Ní ọjọ́ Ajé, ó jókòó níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá kan, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: àìsàn náà, ìwé tó jóná, ìwẹ̀ tí ó ní kí wọ́n kọ́ òun.

"Ó fẹ́ràn mi nígbẹ̀yìn, ọ̀gá," ni ó wí. "Kò fẹ́ kí n wo ìrora òun ni."

Ọ̀gá ọlọ́pàá kò kọ nǹkan kan sílẹ̀; ó na lẹ́tà kan sí i, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ọ̀wọ̀ ní Ọjọ́rú tó kọjá, tó sì dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkọ̀wé Sylvanus sì ni: "Bí ẹ bá gbọ́ pé mo kú sínú odò Ọ̀sẹ́, ẹ mú Monica ìyàwó mi, nítorí ara mi le koko, ó sì ti pẹ́ tó ti ń lérí pé òun yóò tì mí sómi."