Oṣù Tí Owó Úmúrà Wálẹ̀

Ejẹ́ǹtì tẹ́ ìwé iye owó ìrìnàjò úmúrà sórí tábìlì, ó fi bírò tọ́ka sí i. "Ẹ gbọ́, Ìyá Aránṣọ. Inú ààwẹ̀ lowó ga jù, pàápàá ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Ìgbà ọlidé àwọn ọmọ iléèwé náà ò ṣeé sún mọ́. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó lọ Hájì bá padà sílé tán, òtẹ́ẹ̀lì á ṣófo, tíkẹ́ẹ̀tì á wálẹ̀. Oòrùn á mú o, àmọ́ ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ san ìdajì."

Aránṣọ dúpẹ́, ó ká ìwé náà sínú báàgì, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi owó pamọ́ kí òun àti bàbá lè jọ lọ Mẹ́kà.

Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ń dá gbé. Ó wà lórí àga ẹnu ọ̀nà, tẹ̀súbà lọ́wọ́, orí rẹ̀ wálẹ̀. Kò mira títí ọmọ fi kí i.

"Háà, ìwọ ni. Wọlé, ọmọ mi."

Ó na ìwé owó sí i. Bàbá ò gbà á. "Kà á fún mi. Ìwọ lo lọ iléèwé."

Ó kà á. Bàbá ní àárẹ̀ á mú òun nínú ooru yẹn, kí wọ́n sún un sí ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ dé, tí owó tún wálẹ̀, ó ní ìbàdí ń dun òun. Ọmọ rò pé owó ló ń ká bàbá lára. Ahun ṣáà ni bàbá ọ̀hún, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ìṣó tó bá wọ́, á fi òòlù nà án padà, á tún kàn án.

Ìyá Olówùú, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aránṣọ, ló da ẹ̀rù sí i nínú. "Owó kọ́ o," ló wí, ó ń to òwú. "Ẹni tó bá ń sá fún Ilé Ọlọ́run ní Mẹ́kà mọ ohun tó ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ. Gbogbo wa là ń sunkún níwájú Káábà, ọkùnrin kan láàárín wa ń bèèrè pé, 'Ibo ló wà?' Ilẹ̀ gbalasa ló rí. Àṣé ó ti jẹ ogún ọmọ òrukàn."

"Ẹ̀yin Àlájà, ẹ má dẹ́rù bà mí."

"Ẹ̀rù wo? Tí ọwọ́ bàbá ẹ bá mọ́, ó máa rí i."

Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn aránṣọ ò balẹ̀ mọ́. Ó rántí alájọṣe bàbá rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń kan òrùlé. Orí òrùlé ilé alájà méjì ló ti jábọ́, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà lókè lọ́jọ́ náà. Bàbá ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìsìnkú, òun nìkan ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá kì í wojú rẹ̀ mọ́: tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, etí ọmọ ló máa ń kọjú sí, tàbí ògiri. Lójijì ló ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Kì í lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ gbé fọ́tò alájọṣe náà lé e lọ́wọ́, ó ń ṣọ́ ọ. Bàbá fi àtàǹpàkò pa ojú fọ́tò náà, ojú rẹ̀ ò yí padà rárá.

"Kí ni mo fẹ́ fi eléyìí ṣe?" ló wí, ó dá a padà.

Aránṣọ gba fọ́tò náà. Ṣé báyìí lọkàn bàbá òun ṣe le tó?

Ó padà sọ́dọ̀ ejẹ́ǹtì, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, oṣù tó pọ́ọ́kú jù. Tí wọ́n bá ti san irú owó bẹ́ẹ̀, wọn kì í dá a padà. Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá, tẹ̀súbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Owó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, fi mí sílẹ̀."

"Kí lẹ ń bẹ̀rù gan-an?"

"Ohun táwọn èèyàn máa sọ."

Láti pápákọ̀ òfuurufú ló ti di apá ọmọ mú, kò sì jù ú sílẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń rìn ń yìn wọ́n pé ẹ wo bàbá tó fẹ́ràn ọmọ. Ọmọ rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba gbogbo inú rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni olórí èrò kó wọn wọ mọ́ṣáláṣí ńlá ní Mẹ́kà. "Gbogbo yín, ẹ máa wo ilẹ̀," ló wí. "Kẹ́nikẹ́ni má gbójú sókè títí màá fi sọ̀rọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fojú kàn án ni kẹ́ ẹ tọrọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́." Wọ́n rìn síwájú díẹ̀. "Ó yá, ẹ gbójú sókè!"

Ilé náà dúró níwájú wọn, aṣọ dúdú bò ó. Gbogbo èrò bú sẹ́kún. Aránṣọ ò tọrọ nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ló yíjú wò. Bàbá ti gbójú sókè, ó dojú kọ òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i?"

"Mi ò rí i."

"Yéè, mo gbé! Bàbá, kí lẹ ṣe fún ọkùnrin yẹn lórí òrùlé?"

"Ọkùnrin wo?"

"Alájọṣe yín! Ilé rèé níwájú yín, ẹ ò rí i!"

Bàbá na ọwọ́ síwájú, ó ń fi wá a kiri títí ìka rẹ̀ fi kan omijé lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ní, "Ìwọ náà, ọmọ mi, ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti rí ẹ kẹ́yìn."