Àpò Iyanrìn Màmá

Láti ọjọ́ tí Màmá Fẹ̀hìntọ́lá ti kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn ni ọ̀rọ̀ ayé ti dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní àràárọ̀, àwọn arúgbó àdúgbò á ru àpò iyanrìn gun òkè, àwọn ọ̀dọ́ á máa wò wọ́n níran, kò sí ẹni tí yóò ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Mopélọ́lá, ṣé báyìí ni mo ṣe kọ́ ẹ?"

"Màmá, òfin ni. Eegun tí kì í ru nǹkan, bí ẹfun ló ń rún. Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ láti máa fi wo eegun yín ṣì funfun, ẹ ṣì lè rù ú. Tó bá ti pọ́n, èmi ni n óò máa gbé e."

Kò yé Màmá. Ó kàn ń gbàdúrà kí ẹ̀gbà náà tètè pọ́n, kí ọmọ òun lè rántí ẹ̀kọ́ ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ìdajì òkè, ẹ̀gbà náà pọ́n. Mopélọ́lá sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹrù.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, Màmá."

Inú Màmá dùn, àfi bó ṣe rí omi lójú ọmọ rẹ̀. Ó wo àwọn arúgbó yòókù. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò, bí ẹni tó wá síbi òkú.

Màmá di àpò náà mú gírígírí.

"Fi í sílẹ̀! Ṣé báyìí ni mo ṣe kọ́ ẹ?"