Má Jẹ́ Kí Ó Sọ̀ Kalẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí Ìyá àgbà ilé Adéagbo ti ilé ìwòsàn dé. Òun ló sùn ti àwọn ọmọ méjì tí ibà dá dùbúlẹ̀, kí àwọn ìyá wọn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó fa Tiwaladé wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

“Adéolúwa tìrẹ ti mu ẹ̀kọ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n Ìgbẹ́kẹ̀lé ti lọ.”

Tiwaladé fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Má ké o. Àníkẹ́ ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́. Nínú ilé yìí, ìyá kì í sí nítòsí bí a bá ń sin ọmọ rẹ̀, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ sórí òkè àdúrà. Má jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọjú sí Adéolúwa, Ìyá.”

“Bí o bá lọ, Àníkẹ́ á tẹ̀lé ọ.”

Tiwaladé lọ mú ìborùn rẹ̀.

Epo bẹntiróòlù wọ́n lọ́dún náà, kò sí takisí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gba ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n. Hàjàrá, ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé ní ojúlé kejì, bá wọn lọ. Tiwaladé ti rò pé Àníkẹ́ yóò jiyàn kí ó tó fi ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kò jiyàn. Ó ti wé gèlè kí wọ́n tó pè é.

“Èmi tí mò ń kírun lẹ gbé wá sórí òkè aládùúrà,” Hàjàrá ní. “Bí lèmọ́mù bá gbọ́, ẹ̀yin lẹ máa lọ ṣàlàyé.”

Àníkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun Tiwaladé wọ egungun. Ó fẹ́ pè é ní Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ó yẹra fún orúkọ náà.

“Àníkẹ́, rọra,” ló sọ.

“Ìwọ ni kí o rọra, Tiwaladé. Gbé ọwọ́ rẹ wá.”

Bí wọ́n ṣe gun àpáta náà nìyẹn, Àníkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, Hàjàrá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Lókè, wọ́n kúnlẹ̀. Àníkẹ́ gbàdúrà fún Tiwaladé títí ohùn rẹ̀ fi há, kò bèèrè nǹkan kan fún ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú àkàrà, ó ti èyí tó pọ̀ jù síwájú Tiwaladé. Tiwaladé kò lè jẹ ẹ́. Ó ń wo àwọn òrùlé páànù Ifẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń wá èyí tó lè jẹ́ ti ilé ìwòsàn.

Adéolúwa kò tíì já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, ọmú Tiwaladé ti kún, ó ń ro ó, omi rẹ̀ ti rin bùbá rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó dìde.

“Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ fún ọmọ lọ́mú, kí n padà wá bá yín.”

Àárín àpáta méjì ni ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ gbà. Hàjàrá ti dúró síbẹ̀.

“Ìwọ nìkan? Nínú igbó yìí? Rárá o.”

“Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká jọ lọ nígbà náà.” Ọ̀rọ̀ ti jáde kí ó tó rántí ohun tí wọ́n rán an.

“Jókòó, Tiwaladé,” Àníkẹ́ ní. Ó fà á ní ìró. “Jẹ́ ká tún gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ojú ti Tiwaladé pé díẹ̀ ló kù kí òun ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ó jókòó. Ó fún ọmú náà dà sórí àpáta. Hàjàrá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ṣàwàdà mọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà àti àwọn àgbà ilé díẹ̀ ti ń dúró nísàlẹ̀. Tiwaladé sún mọ́ Àníkẹ́, kí ó lè gbá a mú bí ó bá fẹ́ ṣubú.

Ìyá àgbà kọjá lára Àníkẹ́, ó fa Tiwaladé mọ́ àyà, ó ní, “Dárí jì mí, ọmọ mi, Ọlọ́run á rọ́pò Adéolúwa fún ọ.”